Ọjọ́ Tí Ọ̀bọ Òru Pọnmọ Jáde

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́, kó fún ẹnì kejì rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí dùn ju ẹ̀pà lọ. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin pàtàkì kan ni, tí ọ̀bọ kékeré kan tí kò tó ológbò lé kúrò lórí àga. Ọ̀bọ náà kò jà, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kọ́kọ́ sùn ni. Nígbà tó jí, ó ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wọn. Ìyẹn náà sì tó.

Ọdún 1996 ni, bípà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ pe ènìyàn, ṣì lóde. Orúkọ ọkùnrin náà ni Olóyè Táyé Adégbọlá, ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ọmọ Yorùbá ní Kettering àti àyíká rẹ̀, nítòsí D.C. ní Amẹ́ríkà. Ẹ má bi mí pé ìlú wo ló fi í joyè; àwọn tó bi í ṣáájú yín ṣì ń dúró de èsì. Mitchellville ni ilé rẹ̀ wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníbíríkì pupa, ó sì fi kìnnìún sìmẹ́ǹtì méjì sí iwájú gáréèjì. Ilé ni àwọn kìnnìún náà kọjú sí, wọn kò kọjú síta. Olóyè ní kí ni wọ́n fẹ́ máa wò níta nígbà tí òun wà nínú ilé. Bípà méjì ló wà ní ìgbànú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kò sì sí ẹni tó ń pè é lórí èyíkéyìí àfi ìyàwó rẹ̀, tó bá fẹ́ kó ra mílíìkì bọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù tó ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni jíjẹ́ ààrẹ.

Iṣẹ́ náà kò kéré o. Gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Central Avenue ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Bí Olóyè bá ń wọlé, Adékúnlé, alukoro ẹgbẹ́, ni yóò ṣí agboòrùn lé e lórí. Inú ilé ni mo wí. Òjò kò rọ̀ nínú gbọ̀ngàn, oòrùn kò sì ràn níbẹ̀, ṣùgbọ́n Adékúnlé ní orí ńlá kì í rìn láìní ìbòòji. Gbogbo ènìyàn á dìde. Wọn kò gbọdọ̀ jókòó títí Olóyè yóò fi jókòó, Olóyè kì í sì í tètè jókòó, nítorí ó rí i pé wọ́n dúró. Ó tilẹ̀ ṣòfin pé aago mẹ́rin kò tíì lù tí òun kò bá tíì dé. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́rin, tí Olóyè fúnra rẹ̀ wá dé ní aago mẹ́fà, onítọ̀hún ló kánjú dé, kó dìde tọrọ àforíjì.

Wọ́n fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó jìnnà sílé máa ń fara da nǹkan, torí àtigbọ́ èdè rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó wọ àwọn obìnrin lára. Ní ilẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ìyàwó ló ń ṣe nọ́ọ̀sì, Sátidé kò sì yàtọ̀ sí Mọ́ńdè lọ́dọ̀ aláìsàn. Lọ́jọ́ ìpàdé kan, Wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Largo, wọlé wá tòun ti Joel ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀já ìyàwó rẹ̀ ló fi pọ̀n ọ́n, nítorí Ànúolúwapọ̀ wà níbi iṣẹ́. Olóyè dá ọ̀rọ̀ dúró lágbede méjì.

"Ẹ wò ó," ni ó wí, "ẹ wo ohun tí Amẹ́ríkà sọ ọkùnrin wa dà. Láti òní lọ, ọkùnrin tó bá gbọ́mọ wọ ìpàdé yìí, kíṣìnì ni kó lọ jókòó sí, láàárín àwọn kúlà."

Wọlé tún ọ̀já so. Ó bọ́ sí kíṣìnì. Nígbà tó di oṣù kejì, àwọn bàbá ọlọ́mọ mìíràn ti lọ bá a níbẹ̀. Ká má purọ́, kíṣìnì ni ẹran díndín wà, nítorí náà ìyà náà ní ìwọ̀n.

Ẹni tí òfin yẹn pa lára jù kò sí nípàdé lọ́jọ́ náà. Bridget ni, ìyàwó Olóyè fúnra rẹ̀. Òun náà ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ òru, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lápá Capitol Heights. Nígbà tó bá ń wakọ̀ bọ̀ ní Central Avenue láàárọ̀, ojú rẹ̀ á máa ta á bí ẹni tí wọ́n fi ata sí i lójú, á sì máa kọrin fún ara rẹ̀ kí oorun má baà gbé e kúrò lójú pópó. Tó bá délé, ta ni yóò bá lẹ́nu ọ̀nà? Mobáyọ̀ ọmọ rẹ̀ ni, tó ti gbé Ọláídé ọmọ tirẹ̀ dání, ọmọ oṣù méje. Mobáyọ̀ á gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, á sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ ní D.C. Ìgbà tó yẹ kí ìyá àgbà rẹ̀ sùn gan-an ni ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Bridget kò wá góòlù láyé yìí, kò sì wá oyè. Oorun ló ń wá. Kí ẹnìkan gbé ọmọ, kí òun fi orí lé ìrọ̀rí. Ẹnìkan náà sì wà nílé.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pọn Ọláídé fúngbà díẹ̀," ni ó wí láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ojú mi ti fẹ́ wó."

Olóyè wà níwájú dígí, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká apá agbádá sórí èjìká. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Bridget, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Dádì."

"Èmi ta ni?"

"Bàbá Mobáyọ̀."

"Ààrẹ ni. O fẹ́ kí ààrẹ pọnmọ kó lọ bá Wọlé ní kíṣìnì. Oorun ọ̀sán wo lo tún ń wí? Ọ̀lẹ ní í sùn lọ́sàn-án."

Ó fi òwe tó fẹ́ràn jù láyé kádìí rẹ̀, èyí tó máa ń pa ní gbogbo ìpàdé: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lásìkò tó ń pa á lọ́wọ́, ọmọ tuntun wà lórí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ etí ìwé ọ̀rọ̀ tí Olóyè fẹ́ sọ ní Sátidé. Ẹ ò rí i pé ará ìta ni àwọn kan ń pa òwe fún. Bridget gbé ọmọ, ó pọ̀n ọ́n, ó fara ti fíríìjì, ó sì sùn lóòró bí ẹṣin. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní í fojú kan oorun. Wọn kò sọ ohun tí yóò ṣe ọkọ tó bá dán an wò. Ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀.

Àwọn ará Gánà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọgbà ẹranko kékeré kan wà lápá Upper Marlboro, tó pe àwọn ẹgbẹ́ tó wà lágbègbè pé kí wọ́n wá gba ẹranko kọ̀ọ̀kan bí ọmọ, kí wọ́n máa ràn wọ́n lọ́wọ́ bọ́ ọ, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára ilé rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ará Gánà sáré gba ẹyẹ idì. Fọ́tò ààrẹ wọn àti idì jáde nínú ìwé ìròyìn, àwọn méjèèjì fa ojú ro. Olóyè rí i nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó ti àwo sẹ́yìn. Ó gbé fóònù.

Jessica, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ilé àwọn ẹranko òru níbẹ̀, ló dá a lóhùn. Ó ní òòrẹ̀ kan ló kù, àti ọ̀bọ méjì, akọ kan, abo kan. Ọ̀bọ náà kì í ṣe irú tí àwọn ènìyàn mọ̀. Igbó Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀, òru ni wọ́n ń jẹ, òru ni wọ́n ń ṣeré, bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sùn bí òwìwí. Ìsàlẹ̀ ilé ọkùnrin kan ní Capitol Heights ni wọ́n ti gbà wọ́n sílẹ̀, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn sì ti gé ìrù akọ wọn. Ó tún ní ohun àrà kan ń bẹ lára akọ náà tí òun fẹ́ kí Olóyè mọ̀ ṣáájú. Olóyè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kó má kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ ẹdun. Ìbejì ni òun, Táyé gidi. Kẹ́hìndé òun wà ní Ìbàdàn tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ó ní bí ọmọ ìyá ni ìbejì àti ẹdun ṣe jẹ́, kí ló tún kù tí òyìnbó fẹ́ fi han òun? Ló bá gbé fóònù sílẹ̀.

Bó ṣe kéde rẹ̀ nípàdé kọjá àfẹnusọ. Ó ní ẹgbẹ́ ti rí ẹdun he. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní ọ̀bọ. Ẹni tó bá ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀, kó tẹrí ba fún un kó sì bẹ̀ ẹ́. Ó sọ akọ ní Ààrẹ, ó sọ abo ní Olorì. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilé wọn pé èyí tí ìrù rẹ̀ gé ni Ààrẹ, kí aláìmọ̀kan má lọ máa fi Olorì pe Ààrẹ.

Ìyá Ẹgbẹ́, Àlàájà Mùlíkàt, tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, ní òun ní ìbéèrè kan. Ó ní ẹdun tí òun mọ̀ kì í sùn lọ́sàn-án.

"Ilẹ̀ wa ló ti wá kó tó dé Gúúsù Amẹ́ríkà," ni Olóyè fèsì. "Oorun tó ń sùn yẹn, àárẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ni. Àti pé ọba ní í sùn lọ́sàn-án."

Bridget gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ni ó jókòó sí. Nígbà tó gbọ́ pé ọba ní í sùn lọ́sàn-án, ó gbé ojú sókè, ó wo ọkọ rẹ̀ títí, ó sì tún ojú gbé wálẹ̀.

Adékúnlé wá dìde, ó gbé àbá kalẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba ẹdun náà, níwájú ẹdun gan-an, kí ẹgbẹ́ fi Olóyè ṣe ààrẹ títí ayé, kó má sí ìbò mọ́, kó má sí ariwo mọ́. Olóyè ní ọ̀rọ̀ náà bá òun lójijì. Òun ló kọ ọ́ fún Adékúnlé.

Sátidé náà dé. Àwọn ọkọ̀ tan iná gbà-mí-gbà-mí, wọ́n tẹ̀ léra wọn lọ sí Upper Marlboro bí ẹni ń sìnkú gómìnà. Láti ibi iṣẹ́ òru ni Bridget ti wá tààrà. Ó gba Ọláídé lọ́wọ́ Mobáyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó pọ̀n ọ́n, ó sì wá ògiri kan tí yóò máa gbé e ró.

Ilé tí àwọn ọ̀bọ náà wà ṣókùnkùn. Ọgbọ́n àwọn ọlọ́gbà ni: wọ́n ti yí òru àti ọ̀sán padà fún wọn, wọ́n ń pa iná lọ́sàn-án kí wọ́n lè jí fún àlejò, wọ́n ń tàn án lálẹ́ kí wọ́n lè sùn. Olóyè wọlé tòun ti agboòrùn lórí, ó ní kí wọ́n tan iná. Jessica ní tí wọ́n bá tàn án, àwọn ọ̀bọ á wọ inú àpótí wọn lọ sùn. Olóyè ní ẹni tí òun gbà pé kó ya fídíò kò lè ya òkùnkùn, ààrẹ kò sì jẹ́ joyè nínú òkùnkùn. Wọ́n tan iná. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí ojú ń rí lẹ́yìn gíláàsì ni ìrù gígé kan tó ń fì lẹ́nu àpótí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìrù náà ni Olóyè kọjú sí. Adékúnlé dọ̀bálẹ̀ fún un. Àwọn ìgbìmọ̀ kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe, ìrù náà mì díẹ̀, Adékúnlé ní ó ti dáhùn. Àlàájà Mùlíkàt ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ, bóyá ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ni. Olóyè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún agbádá ká, ó sì la ohùn.

"Ẹ̀yin ará Kettering, ẹ̀yin ará Largo, àti ẹ̀yin tí ẹ ti Bowie wá láìpè. Ìwọ ẹdun, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ọmọ ìyá mi. Mo fi ọ́ búra lónìí. Ohun tí o bá ń ṣe ni èmi Táyé yóò máa ṣe, òun náà ni gbogbo ọkùnrin ẹgbẹ́ yìí yóò máa ṣe. Ẹni tí kò bá lè ṣe bí ẹdun, kó má ṣe jókòó sórí àga mọ́ láàárín wa."

Adékúnlé ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Ebi ti ń pa wọ́n, oúnjẹ sì wà nínú ọkọ̀. Gbogbo wọn nawọ́. Báyìí ni ó di òfin. Ó ku kí wọ́n kéde ààrẹ títí ayé, ṣùgbọ́n Olóyè fẹ́ kí ẹdun jáde kó wá rí i. Òun fúnra rẹ̀, mo tún sọ, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pa iná.

Ó ku iná pupa kékeré kan, bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nǹkan yọ lẹ́nu àpótí. Olorì ni, ìrù rẹ̀ gùn jànràn, ojú rẹ̀ tóbi bí ojú ẹni tó rántí pé òun gbé ọbẹ̀ sórí iná. Kò gbé ẹrù kankan. Ó fò láti ẹ̀ka kan sí èkejì, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó jókòó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò ní ìṣòro. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ jáde, ìrù gígé. Ó rọra ń rìn. Nǹkan kan so mọ́ ọn lẹ́yìn. Nǹkan náà yí orí, ó sì ní ojú méjì tirẹ̀, rogodo rogodo.

Ọmọ ni. Ààrẹ ló pọ̀n ọ́n.

Àlàájà Mùlíkàt sún mọ́ gíláàsì. Ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó wo ìrù, ó tún un kà. Ó wá bi Jessica ní gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ pé ṣé kì í ṣe pé ìyá ọmọ gbé e fún un fúngbà díẹ̀ ni. Jessica ní rárá o. Ó ní láàárín àwọn ọ̀bọ òru, bàbá ló ń pọnmọ. Ìyá ń fún un lọ́mú, tó bá ti mu tán, ó ti di ti bàbá. Ó ní ohun tí òun fẹ́ sọ lórí fóònù nìyẹn.

Nínú òkùnkùn, ọ̀dọ̀ àwọn ará kíṣìnì ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ikọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin gbà á, ó sì di ti gbogbo ilé.

"Ẹ tan iná," ni Olóyè wí.

Kò sẹ́ni tó mira.

"Mo ní kí ẹ tan iná. Ìyẹn kì í ṣe ẹdun. Ọ̀bọ lásán ni."

Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ. Àlàájà sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé Olóyè ti pè é ní ọ̀bọ, òfin sì ni òfin. Ọkùnrin ńlá náà wò yíká. Ó wo Adékúnlé, Adékúnlé ń wo ilẹ̀. Ló bá tẹrí ba fún gíláàsì, ó ní kó má bínú. Ààrẹ tòótọ́ wò ó pẹ̀lú ojú ńlá yẹn, ó yí ọmọ sí apá kejì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni agboòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ìgbà tí òjìji ń ṣí nílẹ̀. Ó kúrò lórí Olóyè, ó kọjá lórí àwọn ìgbìmọ̀, nígbà tó sì dúró, orí Wọlé ló wà, òun àti Joel tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Adékúnlé ló dì í mú, ojú rẹ̀ sì mọ́ bíi ti ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti àná.

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Bridget fi kúrò lára ògiri. Ó tú ọ̀já.

"Dádì, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí n gbọ́mọ lé yín lẹ́yìn."

"Bridget, kì í ṣe níwájú ènìyàn."

"Ẹ ti fi ẹdun búra. Ẹ bẹ̀rẹ̀, Dádì. Àgbà kì í wà lọ́jà."

Gbogbo ilé ló parí òwe náà fún un. Olóyè ti kọ́ wọn dáadáa.

Olóyè bẹ̀rẹ̀. Bridget gbé Ọláídé lé e lẹ́yìn, ó fi ọ̀já dì í mọ́ orí agbádá olówó gọbọi, ó so ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà fa fìlà bàbá àgbà rẹ̀ yọ, ó fi sẹ́nu. Orí rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Àlàájà Mùlíkàt na ọwọ́.

"Táyé, dúró jẹ́ẹ́," ni ó wí, "jẹ́ kí n tún orí ọmọ ṣe."

Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ: Táyé. Kò sí Olóyè níbẹ̀, kò sí Ààrẹ, kò tilẹ̀ sí ‘ẹ’ àpọ́nlé. Wọn kò dìbò, wọn kò sì pariwo. Wọ́n jáde lọ jẹun, ẹ̀yìn agboòrùn ni wọ́n sì tẹ̀ lé. Bridget kò bá wọn jáde. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú òkùnkùn tútù yẹn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, oorun sì gbé e lọ, ní ọ̀sán gangan, bí ọba.

Ẹni tó ń ya fídíò yà á dópin. Wọ́n ti sanwó fún un. Fídíò náà lọ láti ilé dé ilé. Àwọn ará Gánà ní ẹ̀dà tiwọn.

Wọlé ni ààrẹ báyìí. Aago mẹ́rin ń lù ní aago mẹ́rin. Àwọn bàbá ọlọ́mọ ti kúrò ní kíṣìnì, àwọn mìíràn sì ń ṣàárò ẹran.

Ní Mitchellville, Táyé Adégbọlá kò dákẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ká má parọ́ mọ́ ọn. Láràárọ̀, níwájú dígí, ó ń sọ ọ́ fún Ọláídé tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ìṣọ̀kan, ìlọsíwájú, ọjọ́ ọ̀la. Ọmọ náà kì í gbọ́ ju gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ tí yóò fi sùn. Lọ́jọ́ kan, ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dùn gan-an, bípà ọ̀tún dún, ti òsì sì tẹ̀ lé e. Bridget ni, láti yàrá òkè. Ó ní kó rẹ ohùn sílẹ̀, òun ń sùn.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ní Upper Marlboro, nínú òkùnkùn ọ̀sán, Ààrẹ kejì náà ń pọn tirẹ̀ kiri. Ó kàn jẹ́ pé òun kò sọ nǹkan kan.